Ìbínú Lè Dúró, Oyún Kì í Dúró



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó lóyún nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ni. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dá a sílẹ̀ yìí, ojú ti ń ti ẹlòmíràn, ẹlòmíràn sì ti fẹ́ yí rédíò rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i. Ẹ máa wọn gaàrí yín lọ, kẹ́ ẹ sì máa fetí gbọ́ mi.

Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ìlera káàkiri Benin ní 2017 sí 2018 fi hàn pé, bí ẹ bá kó ọmọbìnrin 5 jọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 19, nǹkan bí ẹni 1 nínú wọn ló ti bímọ tàbí tó wà nínú oyún àkọ́kọ́. Ìwádìí kan náà ló sọ pé nínú 1000 ọmọ tí a bí láàyè, 30 ni kì í pé oṣù kan láyé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tíì pé ogún ọdún sì wà nínú ewu yìí ju ọmọ tí ara ìyá rẹ̀ ti gbó lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti sọ ọ́: ìyá tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 10 sí 19 máa ń ní gìrì oyún, ó sì máa ń ní àrùn nínú ilé ọmọ lẹ́yìn ìbí, ju ìyá tó jẹ́ ọmọ ọdún 20 sí 24 lọ. Ọmọ rẹ̀ máa ń kéré, tàbí kí oṣù rẹ̀ má pé kó tó jáde.

Ìyá kan lè sọ pé, “Ìwọ agbẹ̀bí yìí, ìyá ìyá mi bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, ó tún bí méje lé e. Kí ló ṣe é?” Mo gbà, kò ṣe é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó là á já ló ń ròyìn. Ẹni tí kò là á já kò sí lọ́jà láti sọ tirẹ̀ fún wa. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kẹ́ ẹ bi wọ́n dáadáa, wọn yóò dárúkọ wọn fún yín: èyí tó bá ìrọbí lọ, èyí tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, èyí tó bí mẹ́ta tí kò rí ọ̀kan gbé pọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó mú kí oyún ọmọdé le.

Àkọ́kọ́, ọmọ náà ò tíì dàgbà tán. Bí nǹkan oṣù bá ti ń wá, a máa ń sọ pé ó ti di obìnrin. Ní tòótọ́, nǹkan oṣù máa ń dé kí egungun ìbàdí tó gbòòrò tó. Ojú ọ̀nà tí orí ọmọ máa gbà ṣì há. Nígbà tí ìrọbí bá dé, inú á máa ti ọmọ, ọ̀nà ò gbà á. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ lè kú sínú, ilé ọmọ lè ya. Orí ọmọ sì lè tẹ ẹran ara tó wà láàárín ojú ara obìnrin àti àpò ìtọ̀ títí ẹran náà á fi kú, tí ibẹ̀ á sì lu. Láti ọjọ́ náà ni ìtọ̀ á ti máa dà lára rẹ̀ láìdúró. Ẹ ti lè rí irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ rí, tí ọkọ kọ̀ ọ́, tí wọ́n ní kó máa dá jókòó nítorí òórùn. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àrùn àgbèrè. Ihò ni, wọ́n sì lè fi iṣẹ́ abẹ rán an pa. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó wà nínú rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìkejì ni oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀. Òun ń dàgbà, ọmọ inú rẹ̀ ń dàgbà, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Bí abọ́ náà ò bá kún, àwọn méjèèjì ló máa rù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù, á máa rẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin mìíràn lè dà nígbà ìbí kó sì dìde rìn, ó lè mú òun lọ.

Ìkẹta ni ibà. Àwa tí a dàgbà síbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ara wa ti mọ bí a ṣe ń bá ibà jà díẹ̀. Ṣùgbọ́n oyún àkọ́kọ́ yàtọ̀. Kòkòrò ibà máa ń sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní olóbi, níbi tí ọmọ ti ń gba oúnjẹ. Ara ẹni tí kò lóyún rí kò tíì mọ bó ṣe máa lé e níbẹ̀. Ara ọmọ náà lè má gbóná rárá, kí ibà sì máa jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ inú máa rù.

Ìkẹrin ni ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní tension. Oyún àkọ́kọ́ ló máa ń mú un wá jù, pàápàá lára ọmọdé. Bí wọn ò bá tètè rí i, ó lè di gìrì, tí ọmọ á ṣubú lulẹ̀, tí ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí ojú á yí. Ilé ìwòsàn ń pè é ní éclampsie. Oògùn rẹ̀ wà, abẹ́rẹ́ ni, ó sì máa ń dá a dúró.

Gbogbo ohun tí mo kà yìí le, àmọ́ ọwọ́ agbẹ̀bí lè ká a bó bá tètè mọ̀. Èyí tí ọwọ́ wa ò ká ni oyún tí wọ́n pa mọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọ ọdún 15 kan ń gbé lọ́dọ̀ tàǹtí rẹ̀, ó ń bá a kiri àkàrà. Oṣù kìíní, kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, kò sọ. Oṣù kejì, èébì ń gbé e, ó ní ibà ni. Oṣù kẹta, ó mọ̀. Ó rò ó títí: bí òun bá sọ, wọn yóò lé òun. Ó fi ọ̀já gbá inú. Ó dín oúnjẹ kù kí inú má baà yọ. Ó ṣì ń ru igbá. Oṣù kẹfà, tàǹtí rí i níbi tó ti ń wẹ̀. Ariwo ta. Wọ́n nà án, wọ́n bi í pé ta ló ṣe é, wọ́n di ẹrù rẹ̀, ó di ilé àwọn òbí ọmọkùnrin náà. Ibẹ̀ náà ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹjọ́ gba oṣù méjì. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹnì kan tó mú un lọ síbi tí wọ́n ti máa wọn tension rẹ̀. Oṣù kẹjọ, orí ń fọ́ ọ, ojú ń ṣú u, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ náà wú. Wọ́n ní ẹkún tó ń sun ni. Lóru ọjọ́ kan, gìrì gbé e. Wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. Wọ́n fi ṣíbí há a lẹ́nu, wọ́n sáré tọ aládùúrà lọ, wọ́n sáré tọ babaláwo. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó wá zẹ́mìjàn tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi rò ó. Ìgbà wo ni ikú wọlé yẹn? Kì í ṣe òru ọjọ́ yẹn. Oṣù kẹta ló ti wọlé, nígbà tí ọmọ náà wo ojú tàǹtí rẹ̀, tó sì rí i pé òun ò lè sọ ọ́. Oṣù kẹfà ló wá fìdí kalẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà mọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹjọ́ ṣáájú ìtọ́jú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé nìyí. Ìbínú lè dúró. Ẹjọ́ lè dúró. Ọ̀rọ̀ ta ló fún un lóyún lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oyún kì í dúró. Bí a ti ń jà, bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà.

Ó dáa, ká ní ẹ rí i lónìí. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ bínú, ìyá ni yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ sunkún bó bá gba ẹkún. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kó gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu yín: “Ọmọ mi ni ọ́. Ọ̀la la ń lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí.” Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ìgbà tí ọmọ bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní sá lọ, kò ní gbé ohun tí kò yẹ mu, yóò sì máa sọ ohun tó ń ṣe é fún yín.

Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ńṣe ni wọ́n fipá bá a lò. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí a ti rò lọ, ẹni tó sì ṣe é lè jẹ́ ẹni tí a jọ ń jẹun. Ẹ gbà á gbọ́. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, tí oyún ò tíì sí, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn wà tó ń dènà kòkòrò SIDA bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72, oògùn sì wà tó lè dènà oyún láàárín ọjọ́ 5. Bó bá ti yá tó, bẹ́ẹ̀ ló dára tó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní àgúnmu tàbí sódábì tí wọ́n po oògùn mọ́ pé kí oyún lè wálẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ki igi tàbí egbò sí i lójú ara. Ọ̀nà ibojì ni. Òfin tí Benin ṣe ní 2021 lórí ìlera ìbímọ ti ka àwọn ìdí tí obìnrin fi lè béèrè pé kí wọ́n bá òun yọ oyún tí kò ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ilé ìwòsàn ni kó ti béèrè, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì ti ṣe é ní kọ̀rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí ara rẹ̀ gbóná, tí omi olóòórùn ń jáde, ẹ gbé e wá. Ẹ má ro ohun tí ayé máa sọ. Iṣẹ́ wa ni láti tọ́jú rẹ̀.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún un nílé ìgbẹ̀bí? Wọ́n á fún un ní ìwé kékeré, carnet rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú owó ọjà. Wọ́n á wọn tension rẹ̀, wọ́n á yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, bóyá kò sí kòkòrò SIDA tàbí àrùn mìíràn tó lè ran ọmọ nínú. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tétanos. Wọ́n á fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹyọ kan lójoojúmọ́. Oògùn náà lè mú kí ìgbẹ́ dúdú, ẹ má bẹ̀rù, kó má sì dá a dúró. Láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin, wọ́n á fún un ní oògùn ibà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Fansidar: ẹyọ 3 lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú agbẹ̀bí. Oṣù kan á wà láàárín ìgbà kan sí èkejì, kó sì lò ó tó ìgbà 3, ó kéré tán, kó tó bí. Ẹ má rà á lórí igbá lọ́jà. Wọ́n á sì fún un ní àpò ẹ̀fọn. Abẹ́ rẹ̀ ni kó máa sùn, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi bo ẹja.

Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí agbẹ̀bí tó ìgbà 8, kí ti àkọ́kọ́ wáyé kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Bó bá jẹ́ oṣù kẹfà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ẹ má sọ pé ó ti bọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan níbẹ̀ bá sì sọ̀rọ̀ àbùkù sí ọmọ náà, ẹ dúró tì í, ẹ ní kí wọ́n pe ọ̀gá ibẹ̀ wá. Ẹ má torí ọ̀rọ̀ ẹnu kan gbé oyún padà sílé.

Ní ti oúnjẹ, ọjà wa ò ní kó o ná owó ńlá. Ẹ̀wà, sọ́yà, ẹ̀pà, ẹyin, ẹja gbígbẹ, wàgáṣì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, gbọ́rọ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ lásìkò wọn. Ẹ fi ẹja kan kún tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí aboyún bá jẹ ẹyin, ọmọ rẹ̀ á di olè. Irọ́ ni. Ọmọ tí kò rí nǹkan jẹ nínú ni nǹkan máa ṣe. Ẹ gba ẹrù wúwo kúrò lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ọ̀já tó fi gbá inú.

Àwọn àmì kan wà tí a kì í bá sùn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ní ọ̀sán tàbí ní òru, ilé ìwòsàn ni:

Orí fífọ́ tó le tí kò lọ. Ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí ìràwọ̀. Ojú tàbí ọwọ́ tó wú lójijì. Ìrora lókè ikùn, lábẹ́ egungun ìhà. Gìrì. Ẹ̀jẹ̀ lójú ara, bó ti wù kó kéré mọ. Omi tó dà kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Ara gbígbóná. Èémí tó ń há. Ọmọ inú tí kò yí mọ́.

Bí gìrì bá gbé e, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má fi nǹkan mu, ẹ má fi iná jó o lẹ́sẹ̀. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ kíá. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á lójú ọ̀nà.

Nígbà tí oyún bá ń sún mọ́ oṣù kẹjọ, ẹ bi agbẹ̀bí pé, “Níbo ni ọmọ yìí ti máa bí?” Ilé kọ́ ni ó máa ti bí o. Ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí tí wọ́n ti lè tètè gbé e débẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá. Bí ọ̀nà oko yín bá jìnnà, kó wá wà nítòsí ìlú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹ bá ẹni tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá ẹni méjì tó lè fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa fi owó díẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ lọ́jà, kí ló dé tí ẹ ò lè ya diẹ̀ sọ́tọ̀, séfà 100 lọ́sẹ̀, kó wà fún aboyún tí ọ̀rọ̀ bá dé bá lóru? Owó zẹ́mìjàn ti pa aboyún rí.

Bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má jókòó tì í nílé. Bó bá ti ń sún mọ́ wákàtí 12 tí ọmọ ò tíì wá, ọ̀nà lè ti há nìyẹn. Ẹ má fún un ní àgbo abíwẹ́rẹ́ láti fi yá ìrọbí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ inú rẹ̀. Bí inú bá ń fi agbára ti ọmọ síbi tí ọ̀nà ò sí, ilé ọmọ lè ya. Bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni, kò túmọ̀ sí pé ọmọ yín ya ọ̀lẹ. Kí ẹnì kan nínú yín dúró tì í, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ń bà á, ọmọ ni.

Ọmọ dé, a dúpẹ́. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá tó kílò 2 àbọ̀, ọmọ kékeré ni, kì í sì í pẹ́ tí òtútù fi ń mú irú wọn. Ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, kí ara kan ara, ẹ dé e ní fìlà, ẹ fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Ìyá bàbá lè fẹ́ wẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di ọjọ́ kejì. Kó mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n yẹn, ẹ má fún un dànù, òun ni àjẹsára rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmú nìkan, fún oṣù mẹ́fà: kò sí omi, kò sí àgbo. Bí kò bá lágbára láti fà á, kí ìyá fún un sínú ife mímọ́, kẹ́ ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ìwọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ́, kó gbẹ. Bí agbẹ̀bí ò bá fún yín ní nǹkan fún un, ẹ má fi nǹkan kan sí i, kì í báà ṣe òróró, kì í báà ṣe eérú.

Ọmọ tí kò mu ọmú mọ́, tó ń mí kíákíá, tí ara rẹ̀ tutù tàbí tó gbóná jù, tí gìrì mú, tí ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo, tí ìwọ́ rẹ̀ ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tuntun kì í ní ọ̀la nínú àìsàn.

Ẹ má gbàgbé ìyá o. Gbogbo wa la máa ń sáré lọ wo ọmọ, tí a ó fi ìyá sílẹ̀ lórí ẹní. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni ẹ̀jẹ̀ máa ń pa ìyá jù. Bí aṣọ bá ń rin gbingbin, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ pariwo pe agbẹ̀bí. Gìrì náà lè dé lẹ́yìn ìbí. Bí ara bá gbóná, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, tí omi tó ń jáde ń rùn, àrùn ti wọ ilé ọmọ. Bó bá sì ń sunkún lójoojúmọ́, tí kò fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ẹ má pè é ní aláìmoore. Àìsàn náà ni, ẹ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí.

Kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ ká bá a sọ̀rọ̀ lórí ìfètò sọ́mọ bíbí. Ó yẹ kó pé ọdún méjì, ó kéré tán, kó tó tún lóyún. Èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá wà, abẹ́rẹ́ wà, oògùn mímu wà; a ó bá a yan èyí tó bá ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú mu. Kò ní sọ ọ́ di àgàn. Bó bá wà níléèwé tẹ́lẹ̀, kó padà. Bó bá ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, kó padà. Ẹ má sáré fà á fún ọkọ torí kí ojú lè kúrò nílẹ̀. Òfin Benin ti ní ọdún 18 ni ìgbéyàwó, ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí náà sì ní kó sinmi.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, èyí tó ń bá yín kiri lọ́jà. Ìyá rẹ̀ wà lábúlé, kò rí i. Ẹ̀yin lẹ̀ ń rí i ní òwúrọ̀ àti alẹ́. Ẹ̀yin lẹ lè mọ̀ pé oṣù méjì kọjá tí kò fọ aṣọ nǹkan oṣù, pé ó ń tutọ́, pé oúnjẹ ń rí i lára, pé ó ń fi aṣọ ńlá bora nínú oòrùn. Bí ẹ ò bá bi í, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ yàrá, kẹ́ ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ méjì ni orí wọn ń wọ́: èyí tó wà nínú, àti èyí tó gbé e.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ lọ bá agbẹ̀bí tó sún mọ́ yín, kò gba owó láti béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́. À á gbóhùn ìyá, à á gbóhùn ọmọ, nínú ilé kálukú wa.